Egbò Ẹsẹ̀ Tí Ó Kọ̀ Tí Kò Jinná: Bí A Ṣe Ń Wé Báńdéèjì Láti Ìka Ẹsẹ̀ Dé Abẹ́ Orúnkún

Ọ̀pọ̀ ilé ni màmá tàbí bàbá kan wà tí ó ti ní egbò lókè kókósẹ̀ fún ọdún mélòó kan, tí wọ́n ń fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, tí wọ́n ti fi ìyẹ̀fun kápúsù, oyin àti oríṣiríṣi ìpara sí i, tí kò sì jinná. Bí ẹnì kan bá tilẹ̀ ti ní kí wọ́n di báńdéèjì, ohun tí mo sábà máa ń bá nígbà tí mo bá tú u ni kírẹ́pù tí wọ́n yí mọ́ ojú egbò nìkan bí ẹni di ẹrù, tí ẹsẹ̀ sì wú lókè àti nísàlẹ̀ rẹ̀. Irú dídì bẹ́ẹ̀ kò lè mú egbò náà jinná, ó sì lè dá kún un. Ẹsẹ̀ ni à ń wé, a kì í wé egbò.

Egbò tí mò ń sọ ni èyí tí ó ń wá nígbà tí àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké inú iṣan tí ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn kò bá pa dé mọ́. Ẹ̀jẹ̀ yóò máa ṣàn padà wá sísàlẹ̀, yóò kórajọ sí kókósẹ̀, omi rẹ̀ yóò máa jò sínú ẹran ara, awọ ibẹ̀ yóò dúdú, yóò le, ìpalára kékeré kan yóò sì ṣí i. Kò sí oògùn orí egbò tí ó lè ti ẹ̀jẹ̀ yẹn padà sókè. Báńdéèjì tí ó fún ẹsẹ̀ bó ṣe yẹ ni ó ń ṣe é, nítorí pé nígbàkúùgbà tí aláìsàn bá rìn, ẹran ẹ̀yìn ojúgun yóò máa ti ara rẹ̀ mọ́ báńdéèjì náà, yóò sì máa fún ẹ̀jẹ̀ lọ sókè.

Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ẹni tí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà ti yẹ̀ wò, tí wọ́n sì ti sọ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ gba fífún, àti fún ọmọ tàbí ẹbí tí yóò máa bá a wé e nílé. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì dúró tì yín kí ó máa wo ọwọ́ yín.

Ohun tí ẹ nílò

Ẹ wá báńdéèjì méjì irú èyí tí kì í nà púpọ̀. Lára páálí rẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ short stretch sí. Kí ọ̀kan fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 8, kí èkejì tó 10, kí gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan sì tó mítà 5. Ẹ wá òwú ìtẹ́sẹ̀ tí wọ́n ká bíi báńdéèjì, ìká méjì, àti gọ́ọ̀sì tí kì í lẹ̀ mọ́ ojú egbò. Ẹ tún ní vaseline tí kò ní lọ́fínńdà, téèpù ìlẹ̀mọ́, téèpù tí télọ̀ fi ń wọn aṣọ, abọ́ ńlá tí ẹ ó fi nylon mímọ́ tẹ́ nínú, omi mímọ́ tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ìbọ̀wọ́, àti ìwé kan tí ẹ ó máa kọ ìwọ̀n sí. Ẹ má fi ìwé yìí ṣeré, nítorí òun ni yóò sọ òtítọ́ fún yín lẹ́yìn oṣù kan.

Àwọn ènìyàn máa ń bi mí pé ṣé kírẹ́pù tí ó wà ní gbogbo kẹ́míìsì kò tó ni. Kò tó. Bí ẹ bá wé kírẹ́pù lásán láàárọ̀, kí ó tó di ọ̀sán yóò ti dẹ̀. Ẹ má sì torí rẹ̀ lọ ra báńdéèjì rọ́bà tí ń nà gan-an láti fi rọ́pò rẹ̀, nítorí pé ìyẹn máa ń fún ẹsẹ̀ gírígírí bí aláìsàn tilẹ̀ sùn, ó sì lè ṣe ọṣẹ́ ní ọwọ́ ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ rẹ̀. Èyí tí kì í nà púpọ̀ máa ń fún ẹsẹ̀ dáadáa nígbà tí a bá ń rìn, ó sì máa ń rọra dẹwọ́ nígbà tí a bá dùbúlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi yàn án fún lílò nílé. Báńdéèjì onípele mẹ́rin, tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní Charing Cross Hospital ní Lọ́ńdọ̀nù, dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ fi í sílẹ̀ fún ọwọ́ tí ó ti mọ̀ ọ́n.

Ìpele 1: Ẹ mọ̀ dájú pé ẹsẹ̀ náà gba fífún

Ibi tí ewu tí ó tóbi jù wà nìyí, òun sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò. Àwọn ẹsẹ̀ kan wà tí ẹ̀jẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dé mọ́, nítorí pé iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá láti ọkàn ti dí. Bí a bá fún irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìwọ̀nba ẹ̀jẹ̀ tí ó ń dé ibẹ̀ yóò dáwọ́ dúró, ẹran ara yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú.

Nọ́ọ̀sì yóò fi ẹ̀rọ Doppler wọn ìfúnpá ní apá àti ní kókósẹ̀, yóò sì fi ti apá pín ti kókósẹ̀. Èsì náà ni wọ́n ń pè ní ABPI. Bí ó bá wà láàárín 0.8 sí 1.3, ẹsẹ̀ náà sábà máa ń gba fífún ní kíkún. Bí ó bá wà láàárín 0.5 sí 0.8, fífún díẹ̀ ni, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ lábẹ́ ojú onímọ̀ ìṣègùn. Bí ó bá kéré sí 0.5, ẹ má wé ohunkóhun mọ́ ọn, ẹ tètè lọ rí dókítà oníṣẹ́ abẹ iṣan ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá ju 1.3 lọ, ẹ má yọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ń lọ dáadáa. Iṣan lè ti le bí igi, pàápàá lára ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ tàbí àìsàn kíndìnrín, ìwọ̀n náà á wá máa tan ni jẹ. Wọ́n ní láti wọn ìfúnpá ti àtàǹpàkò ẹsẹ̀ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Bí ilé ìwòsàn tí ó sún mọ́ yín kò bá ní Doppler, ẹ gba ìwé lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, bíi UCH ní Ìbàdàn tàbí OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀, kí ẹ sì béèrè ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ. Mo mọ̀ pé owó ọkọ̀ àti ìdúró lórí ìlà wà níbẹ̀. Síbẹ̀, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni fi ìka lásán kan ẹsẹ̀ yín, kí ó sì sọ pé ó ti tó.

Kì í ṣe gbogbo egbò ẹ̀gbẹ́ kókósẹ̀ ni ó wá láti ibi ẹ̀jẹ̀ tí kò padà sókè. Àwọn tí ó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde máa ń ní egbò níbẹ̀ gan-an, dókítà ẹ̀jẹ̀ sì gbọ́dọ̀ mọ̀ sí ìtọ́jú tiwọn. Egbò Buruli, tí a ń rí ní orílẹ̀-èdè Benin àti ní apá kan ìpínlẹ̀ Ògùn, kì í sábà dunni ní ìbẹ̀rẹ̀, etí rẹ̀ máa ń ṣófo lábẹ́, oògùn tirẹ̀ sì yàtọ̀ pátápátá. Bí aláìsàn kò bá lè sùn gbalaja láìjẹ́ pé èémí ń gé e, ẹ sọ fún dókítà kí ẹ tó wé ohunkóhun, nítorí pé omi tí báńdéèjì bá tì kúrò ní ẹsẹ̀, ọkàn ni yóò lọ bá, ọkàn tí ó rẹ̀ kò sì ní lè gbé e.

*Ẹ yẹ ìpele yìí wò:* ṣé ìwọ̀n ABPI ti ẹsẹ̀ méjèèjì wà lórí ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n wọ̀n ọ́n? Bí kò bá sí, ẹ dúró níbí.

Ìpele 2: Ẹ fọ ẹsẹ̀, ẹ bo egbò

Àárọ̀ ni kí ẹ ṣe é, kí ẹsẹ̀ tó wú. Bí àyè kò bá gbà, kí aláìsàn dùbúlẹ̀ kí ó gbé ẹsẹ̀ sókè fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí fífọ̀ bá máa ń dùn ún, kí ó lo parasítámọ̀ bíi wákàtí kan ṣáájú. Gbogbo ẹsẹ̀ ni ẹ ó fọ̀, títí kan àárín àwọn ìka, ẹ ó sì rọra ṣí èépá tí ó bá ti fẹ́ bọ́ fúnra rẹ̀ kúrò. Ẹ nu ún gbẹ, ẹ fi vaseline pa awọ tí ó yí egbò ká dé òkè, ṣùgbọ́n ẹ má fi sí àárín ìka. Ẹ fi gọ́ọ̀sì tí kì í lẹ̀ bo ojú egbò, ẹ má sì kó o jọ ní òkítì.

Ẹ má da sípíríìtì sí i, ẹ má da hydrogen peroxide sí i, ẹ má fọ́n ìyẹ̀fun kápúsù tàbí àgúnmu sí i. Awọ ẹlẹgẹ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù ni wọ́n ń jó. Àwọ̀ ràkọ̀ràkọ̀ lójú egbò nìkan kò sì túmọ̀ sí pé kòkòrò ti wọ̀ ọ́. Lára awọ dúdú, pípọ́n lè má hàn rárá, nítorí náà ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan àyíká egbò. Bí ó bá gbóná ju ẹsẹ̀ kejì lọ, tí ó ń le sí i, tí ìrora ń pọ̀, tí ọyún ń jáde tàbí tí ibà dé, ilé ìwòsàn ni kí ẹ lọ lọ́jọ́ náà.

Kí ẹ tó kúrò níbí, ẹ fi téèpù télọ̀ wọn ibi tí ó tín-ín-rín jù ní kókósẹ̀ àti ibi tí ó fẹ̀ jù ní ẹ̀yìn ojúgun, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.

*Ẹ yẹ ìpele yìí wò:* awọ àyíká egbò ń dán, kò funfun bí ọwọ́ tí ó pẹ́ nínú omi, aláìsàn kò sì sọ pé ó ń ta òun.

Ìpele 3: Ẹ fi òwú tẹ́ ẹ

Ẹ wé òwú láti ìdí àwọn ìka dé ìwọ̀n ìka méjì sí abẹ́ orúnkún, kí ìyípo kọ̀ọ̀kan gun ìdajì èyí tí ó ṣáájú. Ẹ má fà á. Ẹ fi òwú díẹ̀ kún eegun ojúgun, àwọn kókó méjèèjì, ẹ̀yìn gìgísẹ̀ níbi tí iṣan líle ti ta sókè, àti òkè àtẹ́lẹsẹ̀. Ibi tí eegun bá ti mú bí etí ọ̀bẹ ni báńdéèjì ti máa ń gé awọ. Bí kókósẹ̀ kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 18, ẹ fi ìpele òwú kan kún un kí ó nípọn, nítorí pé bí ibi kan bá ti tín-ín-rín tó ni báńdéèjì yóò ṣe fún un tó.

Àwọn ẹsẹ̀ kan wà tí ó rí bí ìgò tí a dojú rẹ̀ dé: ìsàlẹ̀ tín-ín-rín, òkè fẹ̀ lójijì. Ẹ fi òwú dí ibi tí ó wọnú náà títí ẹsẹ̀ yóò fi máa fẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀.

*Ẹ yẹ ìpele yìí wò:* ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ pa á láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ọwọ́ yín kò gbọdọ̀ kan eegun kankan tí ó yọ.

Ìpele 4: Ẹ wé báńdéèjì

Kí aláìsàn fa ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè sí ọ̀nà imú títí àtẹ́lẹsẹ̀ àti ojúgun yóò fi dúró bí ìgbà tí ó dúró lórí ilẹ̀. Bí ẹ bá wé e nígbà tí ìka dojú kọ iwájú, báńdéèjì yóò ká jọ sí iwájú kókósẹ̀ nígbà tí ó bá dìde, yóò sì gé e níbẹ̀.

Ẹ mú báńdéèjì fífẹ̀ 8, kí ìká rẹ̀ sún mọ́ ẹsẹ̀, kí ó má jìnnà sí awọ. Ẹ yí i lẹ́ẹ̀mejì ní ìdí àwọn ìka láìfà á, kí ó lè dúró. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ máa fà á dé ibi tí ó lè nà dé, kí ẹ sì bá a lọ sí gìgísẹ̀: ìyípo kan gba orí gìgísẹ̀ gan-an, ọ̀kan gba abẹ́ rẹ̀, ọ̀kan gba òkè rẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa. Gìgísẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi sílẹ̀ síta, ibẹ̀ sì ni gbogbo omi yóò sá lọ, tí yóò wú bí ìṣù ẹ̀kọ. Láti kókósẹ̀, ẹ máa yí i gòkè títí yóò fi tán, kí ìyípo kọ̀ọ̀kan bo ìdajì èyí tí ó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ wá mú báńdéèjì fífẹ̀ 10. Ẹ bẹ̀rẹ̀ èyí ní kókósẹ̀, ẹ yí i sí apá òdìkejì ti àkọ́kọ́, ẹ sì bá a gòkè dé ìwọ̀n ìka méjì sí abẹ́ orúnkún. Ẹ má jẹ́ kí ó wọ orúnkún, àgàgà fún ẹni tí ó máa ń kúnlẹ̀ kí ènìyàn, nítorí pé etí rẹ̀ yóò ká, yóò sì di okùn sí i lẹ́sẹ̀. Téèpù ni kí ẹ fi dè é; irin kékeré oníke tí ó máa ń bá báńdéèjì wá lè gún awọ.

Ọwọ́ tí ó mọ gèlè wé máa ń tètè mọ iṣẹ́ yìí, nítorí pé ó ti mọ bí a ṣe ń to ìpele lé ìpele lọ́gbọọgba. Ohun kan ni irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ní láti gbàgbé: a kì í fa òkè le ju ìsàlẹ̀ lọ. Ohun tí à ń wá ni nǹkan bíi 40 mmHg (ìwọ̀n tí a fi ń ka agbára fífún) ní kókósẹ̀, kí ó sì máa dín kù títí yóò fi tó nǹkan bíi 17 sí 20 lábẹ́ orúnkún. Ẹ kò ní láti wá ọgbọ́n kankan dá sí i. Bí ẹ bá fi agbára kan náà fà á láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kókósẹ̀ tí ó tín-ín-rín ni yóò gba fífún jù, ẹ̀yìn ojúgun tí ó fẹ̀ yóò sì gba díẹ̀. Bí ẹ bá fa ti òkè le, ẹ ti dí ọ̀nà mọ́ ẹ̀jẹ̀ tí ẹ fẹ́ kí ó gòkè.

Bákan náà ni ti ìbòlórí. Ìdajì lórí ìdajì túmọ̀ sí ìpele méjì níbi gbogbo. Bí ẹ bá bo ìdá méjì nínú mẹ́ta, ó ti di ìpele mẹ́ta, agbára fífún sì ti fi ìdajì pọ̀ sí i láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Bí báńdéèjì bá sì kù lọ́wọ́ nígbà tí ẹ dé òkè, ẹ gé e dànù. Ẹ má yí ìyókù rẹ̀ jọ sí abẹ́ orúnkún.

*Ẹ yẹ ìpele yìí wò:* àlàfo láàárín ìlà kan sí èkejì dọ́gba, awọ kankan kò yọjú, gbogbo ìka sì ṣeé mì. Ẹ tẹ èékánná àtàǹpàkò títí yóò fi ṣì, kí ẹ sì tú u sílẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ padà kí ẹ tó ka 3. Kí aláìsàn rìn yí ilé ká fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ sì tún gbogbo rẹ̀ yẹ̀ wò.

Ìpele 5: Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́

Ó wọ́pọ̀ kí ẹsẹ̀ fún ènìyàn ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́, rírìn sì máa ń dín in kù. Ṣùgbọ́n bí ìka bá ṣú, tí ó tutù, tí ó kú tipiri, tí ìrora ń pọ̀ sí i nígbà tí ó dùbúlẹ̀, tàbí tí èémí bẹ̀rẹ̀ sí í gé e, ẹ tú u lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ òru, kí ẹ sì pe nọ́ọ̀sì tàbí kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Láìsí àwọn àmì wọ̀nyí, ẹ má tú u lálẹ́. Mo tọ́jú ìyá oníṣòwò kan tí ó máa ń tú tirẹ̀ ní alaalẹ́ kí ẹsẹ̀ lè rí atẹ́gùn, tí ó sì ń fúnra rẹ̀ dì í padà láàárọ̀ bó ṣe rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Oṣù méjì kọjá, egbò kò yí padà. Ọ̀sẹ̀ tí ó jọ̀wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ni a bẹ̀rẹ̀ sí í rí ìyàtọ̀. Àwọn Mùsùlùmí pẹ̀lú máa ń tú u nítorí àlùwàlá ìgbà márùn-ún. Ẹ bi àáfà yín, nítorí pé ọ̀pọ̀ onímọ̀ òfin ẹ̀sìn ni ó gbà pé kí aláìsàn fi ọwọ́ tútù pa orí ohun tí a fi di egbò. Fún ìwẹ̀, ẹ fi nylon bo ẹsẹ̀, kí ẹ sì so ó láìfún un.

Nínú ọ̀sẹ̀ yìí ni ẹsẹ̀ yóò fọn, tí báńdéèjì yóò sì máa yọ̀ bọ̀ nísàlẹ̀. Ẹ má rò pé ẹ kò wé e dáadáa. Ó ń ṣiṣẹ́ ni. Ẹ tún un wé lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, àti nígbàkúùgbà tí omi bá jò dé ìta. Nígbà tí wíwú bá ti lọ, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ yóò tó.

Ẹni tí ń jókòó ti ọjà ní gbogbo ọjọ́ tàbí tí ń dúró kọ́ ọmọ ní kíláàsì gbọ́dọ̀ ran báńdéèjì lọ́wọ́. Kí ó máa gbé gìgísẹ̀ sókè sílẹ̀ nígbà mẹ́wàá ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, kí ó sì máa dùbúlẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ lórí ìrọ̀rí, kí ó ga ju àyà lọ, fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ní ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Àpótí kékeré tí a gbé ẹsẹ̀ lé nídìí àtẹ kò ga tó. Kí ó má sì sùn lórí àga.

*Ẹ yẹ ìpele yìí wò:* ẹ tún kókósẹ̀ wọ̀n. Ìwọ̀n rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti dín kù sí ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Bí kò bá dín kù, báńdéèjì ti rọ̀ jù, tàbí wọ́n ń tú u ní kọ̀rọ̀.

Ìpele 6: Ẹ wọn egbò, ẹ má fojú díwọ̀n

Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ wọn ibi tí egbò gùn jù àti ibi tí ó fẹ̀ jù, kí ẹ sì sọ wọ́n di púpọ̀. Bí ó bá jẹ́ 6 ní 5, ó jẹ́ 30. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, bí ó bá ti di 18 tàbí kí ó kéré sí i, ọ̀nà dára. Bí kò bá yí padà, ẹ padà sí ilé ìwòsàn. Egbò tí ó ti pẹ́ lè yí padà di jẹjẹrẹ, pàápàá bí etí rẹ̀ bá ń ga tí ó sì ń hù jáde. Bí ó bá pé ọ̀sẹ̀ méjìlá láìjinná, ẹ béèrè bóyá kí wọ́n gé díẹ̀ lára rẹ̀ lọ yẹ̀ wò.

Ẹ tún béèrè bóyá iṣan tí ó bàjẹ́ ṣeé dí. Ìwádìí EVRA tí wọ́n ṣe ní Britain lára ènìyàn 450, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2018, fi hàn pé àwọn tí wọ́n tètè tọ́jú iṣan wọn pẹ̀lú báńdéèjì jinná ní nǹkan bí ọjọ́ 56, nígbà tí ti àwọn tí wọ́n fi iṣẹ́ iṣan wọn falẹ̀ gba nǹkan bí ọjọ́ 82. Báńdéèjì ni àwọn méjèèjì fi bẹ̀rẹ̀.

Ìpele 7: Lẹ́yìn tí ó bá jinná

Àwọn ilẹ̀kùn inú iṣan kò tíì sàn, awọ nìkan ni ó pa dé. Ìdí nìyẹn tí egbò fi máa ń padà sí ẹsẹ̀ ẹni tí ó bá ju báńdéèjì nù lọ́jọ́ tí ó jinná. Ìbọ̀sẹ̀ tí ń fún ẹsẹ̀, tí wọ́n wọ̀n mọ́ ọn láàárọ̀ kí ó tó wú, ni yóò máa wọ̀ láti ìsinsìnyí lọ. Kí ó wọ̀ ọ́ kí ó tó sọ̀kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, kí ó sì bọ́ ọ nígbà tí ó bá fẹ́ sùn. Bí ọwọ́ rẹ̀ kò bá lágbára, ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí a fi ń fọ abọ́ yóò ràn án lọ́wọ́ láti fà á gòkè.

Ẹni tí egbò rẹ̀ kéré tí kò sì jò púpọ̀ lè fi ìbọ̀sẹ̀ onípele méjì tọ́jú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, bí nọ́ọ̀sì bá gbà bẹ́ẹ̀. Ìwádìí kan lára ènìyàn 457 ní Britain, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2014, rí i pé ó tètè wo egbò bíi ti báńdéèjì onípele mẹ́rin, ṣùgbọ́n àwọn tí kò lè fara dà á tí wọ́n sì pààrọ̀ ìtọ́jú pọ̀ ju ti báńdéèjì lọ.

Ẹ máa tún ABPI wọ̀n lọ́dọọdún, kí ẹ sì pààrọ̀ ìbọ̀sẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà. Ọjọ́ tí ó bá ti rọrùn láti wọ̀ bí ìbọ̀sẹ̀ lásán, ó ti gbó, bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ ṣì dára.